Ẹni Bébà àti Ẹni Dígí

Kẹ̀kẹ́ ilé ọlọ ti dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ti ń ké. Kò ní awakọ̀, kò ní ìjókòó, àfi ikùn gbàǹgbà tí ó là sílẹ̀ de ohun tí wọn yóò jù sí i, àti ohùn obìnrin kan tí Àjọ Olùṣọ́ Ìwé fi sí i lára, tí ń sọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ará ilé ìkàwé. Ẹ kó ara wá, ẹ jẹ́ kí ẹ̀mí ṣẹ́kù." Bébà ni wọ́n ń pè ní ara ní ìlú Òkè-Àbò. Èyí tó wà nínú dígí ni wọ́n ń pè ní ẹ̀mí. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé wọn kò tíì gbé ìwé tirẹ̀ lọ sí ọlọ.

Ṣìkẹ́mi kúnlẹ̀ sórí ẹní nínú yàrá ìdìwé, aṣọ funfun lọ́wọ́ kan, ìwé *Ìtàn Ebúté-Àràn* lọ́wọ́ kejì. Bí wọ́n bá ti so bébà àti dígí pọ̀ tán, tí wọ́n ti kà wọ́n pọ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn sì bára mu, iṣẹ́ ẹni dígí ni láti di bébà náà fún kẹ̀kẹ́. Kò gbọdọ̀ ṣí i wò. Bí wọ́n ṣe ń di òkú ni yóò dì í, orí kọ́kọ́, ẹsẹ̀ tẹ̀lé e. Ó ti di ìwé lọ jàn-ánrẹrẹ nínú ilé yìí, kò bínú sí ọ̀kankan rí. Lónìí inú ń bí i. Òkú ni ó ń bínú sí.

Ìyá rẹ̀ ni òkú náà. Àrìnpé Lẹ́mikàn kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá, nínú àgọ́ ìsàlẹ̀ tí wọ́n kó gbogbo ọmọ Ebúté-Àràn sí láti ìgbà tí òkun ti gbé ìlú wọn mì. Títí tí ẹ̀mí fi bọ́ lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Orúkọ mi wà nínú ìwé. Lọ́jọ́ tí àwọn alágbára wá bá wa létí omi, èmi ni mo dìde tí mo dá wọn lóhùn. Wọ́n kọ ọ́ síwèé, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Bó o bá ríṣẹ́ sí ilé ìkàwé, wá a lọ." Ṣìkẹ́mi ríṣẹ́ sí ilé ìkàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú àtìmọ́lé ni bébà ń gbé ní Òkè-Àbò. Kì í jáde títí di ọjọ́ tí ìsopọ̀ bá kàn án. Ó wá ń retí ọjọ́ ìwé Ebúté-Àràn bí ẹni ń retí ọkọ̀ ojú omi. Òwúrọ̀ òní ni ó kàn án.

Kì í sì í ṣe ti orúkọ nìkan. Àwọn ẹ̀rọ ńláńlá ti ń fa òkun sẹ́yìn, ilẹ̀ Ebúté-Àràn sì ti ń yọrí jáde díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ló ni ín ti dé kóòtù. Kóòtù kò gba ẹnu ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́, ìwé tí ó bá ti so pọ̀ nìkan ni ó ń gbọ́. Ohun tí dígí bá ti sọ lẹ́yìn ìsopọ̀, abẹ gé e.

Bàbá Ọláògún ni ẹni bébà rẹ̀. Bàbá yìí ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì dùn, àwọn èèyàn a máa fi ọ̀nà wọn sílẹ̀ wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Nígbà tí Àrìnpé kú, tí àwọn ará àgọ́ kò ní ohun tí wọn yóò fi sin ín, Bàbá Ọláògún ló sọ̀kalẹ̀ láti òkè wá, tí ó ká ṣòkòtò rẹ̀, tí ó bá wọn gbẹ́ ilẹ̀.

Láyé àtijọ́, nígbà tí ìsopọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ojúkojú ni ẹni bébà àti ẹni dígí máa ń jókòó. Àgbà a máa ka bébà sókè, ọmọdé a máa fọkàn bá a lọ lójú dígí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a bíire wo ni yóò wo àgbà lójú kòró tí yóò ní ó ṣì í kà? Bí àgbà bá fo ìlà kan, ọmọdé a rọra rẹ́rìn-ín, a ní ó bára mu. Nígbà tí àṣìṣe wá pọ̀ jù, Àjọ pàṣẹ pé kí wọ́n máa kẹ̀yìn síra wọn, kí ìtìjú má bàa di ẹnu òtítọ́. Ọgbọ́n gidi ni. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó rántí pé ẹ̀yìn kì í ríran.

Báyìí ni wọ́n ṣe jókòó láàárọ̀. Bàbá ń kà, Ṣìkẹ́mi ń fi ìka tẹ̀lé e lójú dígí, bí ojú ewé kan bá ti parí a ní, "Ó bára mu." Nígbà tí wọ́n dé orí ìpàdé etí omi, ó ń wá orúkọ ìyá rẹ̀ lójú dígí. Ó gbọ́ tí Bàbá kà á pé àwọn ará ìlú jáde tayọ̀tayọ̀, pé wọ́n tẹ̀ka, pé wọ́n ta ilẹ̀ wọn títí ayé, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Dígí sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò sí obìnrin kankan tó dìde. Kò sí Àrìnpé. Omi bọ́ lójú rẹ̀ sórí dígí, ó fi apá aṣọ nù ún, ó ní, "Ó bára mu." Lẹ́yìn náà ni àwọn méjèèjì búra níwájú Akójọ, ẹ̀rọ tó mọ orúkọ gbogbo ìwé tó wà láyé. Akójọ dá wọn lóhùn pé, "Mo ti so wọ́n pọ̀."

"Ìyá mi, ẹ tàn mí jẹ," Ṣìkẹ́mi sọ sínú aṣọ funfun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo ìgbà èwe rẹ̀, orí ọ̀rọ̀ yẹn ni ó gbé e kà. Òun ni ó fi ń gbéraga láàárín àwọn ọmọ òkè tí ń bú u ní ọmọ inú omi. Àṣé ìyá tí ó ń wárí fún, àlá ni ó ń rọ́ fún un.

Kẹ̀kẹ́ tún ké lóde. Ṣìkẹ́mi da aṣọ bo ìwé lórí, ó sì dúró. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí orúkọ náà kò sí, kí ó lè bínú yó, kí ó sì gbàgbé. Ó ká aṣọ kúrò. Ó ṣí ìwé.

Ó ti pẹ́ tí ìka rẹ̀ ti kan bébà tí a ṣí. Ó wá orí ìpàdé etí omi, ó rí i. Ohun tí ó kà níbẹ̀ nìyí:

*Nígbà náà ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Àrìnpé Lẹ́mikàn dìde láàárín àwọn àgbà, oyún sì wà nínú rẹ̀. Ó ní, "A kò ta ilẹ̀ baba wa. A yá yín ní etí omi ni, kí ẹ gbé ẹ̀rọ yín lé e. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kó ẹ̀rọ yín lọ, ilẹ̀ padà sọ́wọ́ wa." Gbogbo ìlú hó yèè. Àwọn àlejò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé lójú gbogbo wa.*

Ó kà á tán, ó tún un kà. Òun ni oyún yẹn. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ gbá a mú, ó fẹnu ko bébà náà, ó ní, "Ẹ má bínú, màmá mi, ẹ má bínú." Àfìgbà tí ayọ̀ yẹn rọlẹ̀ ni ìbéèrè tó kù dé, ó sì dé bí òtútù. Bí èyí bá ni ó wà nínú bébà, kí ni Bàbá Ọláògún kà?

Ó rántí pé Bàbá kì í ka ojú ewé kan kí ó má kùn pé àwọn tó tẹ ìwé yìí ṣahun, wọ́n ṣe lẹ́tà bí ìdin. Kì í kà kí ó má dánu dúró níbì kan kí ó wá ìlà rẹ̀. Ní orí ìpàdé etí omi nìkan ni kò kùn, tí kò dúró, tí ọ̀rọ̀ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ gbọrọgbọrọ. Ṣìkẹ́mi tilẹ̀ ti rò ó nígbà náà pé, ó dára, Bàbá sùn dáadáa lánàá.

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá Ọláògún ni, fìlà rẹ̀ ti wà lórí, ó ti múra ilé.

"Ṣìkẹ́, ọmọ mi, kẹ̀kẹ́ ń dúró o. Kí lò ń ṣe látàárọ̀?" Ojú rẹ̀ bọ́ sára aṣọ tí ó tú sílẹ̀. Ó pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀. "O ti ṣí i."

"Mo ti ṣí i, Bàbá." Ó fi ọwọ́ méjèèjì na ìwé sí i, bí ọmọ tó mọ ẹ̀kọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ojú ewé yìí fún mi."

"Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́ bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú."

"Ilẹ̀ kò tíì ṣú, Bàbá. Oòrùn ń ràn. Ẹ kà á."

Kò gba ìwé. Ó jókòó sórí àpótí tó wà létí ògiri, ó sì bọ́ fìlà rẹ̀ sórí orúnkún.

"Ẹni tó bá fo ìlà, mo mọ̀ ọ́n," Ṣìkẹ́mi wí. "Ẹni tó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan pè, mo mọ̀ ọ́n. Ẹ ò fo ìlà. Ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ gbé ìwé yìí dání, ẹ sì ka ohun tí kò sí nínú rẹ̀ sí mi létí."

"Mo há a sórí," ni Bàbá wí. Kò tilẹ̀ jà. "Wọ́n ti yí ti inú dígí padà. Wọ́n gbé e wá bá mi nílé, wọ́n ní kí n há a sórí. Kò pọ̀. Orí kan péré ni."

"Àwọn wo?"

"Àwọn tó bá lè gbé ilé léni lọ́wọ́, tó sì lè gbà á padà. Yéwándé ọmọ mi ń gbé ní ìsàlẹ̀, o mọ ibẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi ń wọlé bá àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ẹní. Wọ́n fún un nílé lórí òkè. Omi kò lè dé ibẹ̀ láéláé." Ó gbójú sókè. "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíràn."

"Èmi ni ọmọ ẹlòmíràn, Bàbá?"

Kẹ̀kẹ́ kí wọn kú iṣẹ́ láti ìta.

"Ẹ̀yin lẹ bá mi sin ìyá mi," Ṣìkẹ́mi wí. "Ẹ wọ inú ẹrẹ̀, ẹ bá mi gbẹ́lẹ̀. Mo sọ fún yín nídìí sàréè yẹn pé orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Ẹ dì mí mú. Ẹ ní ọjọ́ ìwé náà ń bọ̀, màá gbọ́ ọ. Ṣé ẹ ti há a sórí nígbà yẹn?"

"N kò tíì há a sórí nígbà yẹn."

"Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, a sì ń fi kọ́ ọmọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí í rò pé ìdí ẹ̀fọ́ tòun ni wọ́n ń sọ.

"Ẹni dígí pọ̀ nílé yìí," Ṣìkẹ́mi wí. "Ẹ̀yin lẹ máa ń yan ẹni tí yóò bá yín jókòó. Ẹ̀ bá ti mú ẹlòmíràn. Ì bá má dùn mí tó báyìí."

Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni Bàbá wo ilẹ̀. "Wọ́n ní ìwọ ni kí n mú. Ọmọ Ebúté-Àràn ni ọ́. Bí ọmọ ìlú bá fúnra rẹ̀ búra pé ó bára mu, ta ni yóò tún yanu ní kóòtù?"

Ṣìkẹ́mi fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ó wá yé e. Etí rẹ̀ kọ́ ni wọ́n fẹ́ lò láàárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni. Wọ́n fi ọmọ Àrìnpé ta ilẹ̀ tí Àrìnpé kọ̀ láti tà, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó bára mu, ó sì tún bú ìyá rẹ̀ lé e.

Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀. Ohun tí a fi ń bẹ àgbà kò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀. "Bàbá mi, ẹ dákun. Ẹ jẹ́ ká jọ lọ síwájú Akójọ. Bí ẹni bébà bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ṣì í kà, ìwé kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ń tú. Ẹ ní ogbó ni. Ẹ ní ojú ni. N kò ní í fẹjọ́ yín sùn."

"Wọn yóò gba ilé Yéwándé."

"Ẹ jọ̀ọ́."

"N kò lè ṣe é, Ṣìkẹ́."

"Èmi yóò sọ ọ́, nígbà náà."

Ó dìde. Bàbá náà dìde, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí ohùn rẹ̀ le. "Dúró kó o gbọ́ òfin! Bí ẹni dígí bá ní òun búra èké, gbogbo ìwé tó ti fẹnu sí ni Akójọ yóò tì pa. Gbogbo rẹ̀! Wọn ò ní í ṣí i títí wọn yóò fi tún un kà, bébà wọn sì ti di lúbúlúbú lọ́lọ. Kí ni wọn yóò fi tún un kà? Ìwé àwọn ọmọdé wà níbẹ̀. Ìwé ìwòsàn wà níbẹ̀. Àwọn tó wà ní gbọ̀ngàn yẹn, ohun tí ìwọ pẹ̀lú mi so pọ̀ ni wọ́n ń kà báyìí. Ṣé wàá pa gbogbo ìwé nítorí ìwé kan?"

Ṣìkẹ́mi wo gbọ̀ngàn láti ojú fèrèsé. Àwọn èèyàn jókòó lọ bẹẹrẹ, dígí tàn sí wọn lójú. Àwọn ọ̀dọ́ méjì ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan. Ìyá arúgbó kan pọn ọmọ, ó sún mọ́ dígí tirẹ̀ tí imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Iṣẹ́ ayé rẹ̀ ni ó ń wò yẹn. Bí ó bá sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ á kú. Bí ó bá dákẹ́, ìwé kan péré ni yóò lọ, àti àwọn ará àgọ́, àti ìyá rẹ̀. Ó ku díẹ̀ kí ó gbé aṣọ funfun yẹn padà. N kò ní í purọ́ fún yín, ó ku díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wá gún un lọ́kàn. Ó yíjú sí Bàbá.

"Bàbá, ṣé èyí nìkan ni?"

Bàbá Ọláògún wo ilẹ̀kùn.

"Àwọn yòókù tí a jọ kà. Ṣé èyí nìkan lẹ há sórí?"

Bàbá ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Kò burú," Ṣìkẹ́mi wí. "Ẹ kàn sọ èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn fún mi, kí n lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́."

"Ó ti pẹ́, Ṣìkẹ́," ni Bàbá wí. "N kò rántí gbogbo rẹ̀ mọ́."

Omijé tí Ṣìkẹ́mi rò pé yóò bọ́ kò bọ́. Kò sí ohun tó kù tí ó fẹ́ dáàbò bò. Ó gbé ìwé Ebúté-Àràn mọ́ àyà, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó dúró níwájú Akójọ.

"Mo gbọ́," Akójọ wí.

"Èmi Ṣìkẹ́mi, ẹni dígí. Mo búra èké."

"Ìwé wo?"

"Mi ò mọ̀. Gbogbo rẹ̀."

Akójọ kò jiyàn. Ẹ̀rọ kì í bèèrè bóyá ó dun èèyàn. "Ohùn rẹ kò ní í wúlò níbí mọ́," ó wí. "Mo ti tú wọn." Kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà pa ẹnu rẹ̀ dé, ó sì yí padà lọ pẹ̀lú ikùn òfìfo.

Ní gbọ̀ngàn, dígí bẹ̀rẹ̀ sí kú, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, títí ìwọ̀nba díẹ̀ fi ṣẹ́kù. Ẹ̀rín àwọn ọ̀dọ́ yẹn já. Àwọn èèyàn ń gbá dígí lójú, wọ́n ń bi ara wọn léèrè kí ló ṣẹlẹ̀. Ìyá arúgbó náà dìde, ó ń fi ọwọ́ lu ìdí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ó wá bá Ṣìkẹ́mi lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ ọmọ yìí, jọ̀ọ́, ìwé mi kú. Ibà ń ṣe ọmọ-ọmọ mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń sọ iye àgbo tí ọmọdé lè mu ni. Ta ló pa á?"

Bàbá Ọláògún ti jáde lẹ́yìn wọn, fìlà ti wà lórí rẹ̀. Ìyá arúgbó rí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ tòun tọmọ lẹ́yìn. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohùn yín yìí, Ọlọ́run má gbà á."

"Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá," ni Bàbá dáhùn pẹ̀lú ohùn dídùn náà. Ó kọjá láàárín wọn, ó sì bọ́ síta, kò wo ẹ̀yìn.

Ìyá arúgbó padà kọjú sí Ṣìkẹ́mi. Ojú ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n, ó ń mí kíákíá.

"Èmi ni mo pa á, màmá," Ṣìkẹ́mi wí. "Ẹ má sì tíì fún ọmọ ní èyí tí ẹ ti kà. Èmi ni mo sọ fún yín pé ó bára mu, n kò sì mọ̀ bóyá ó bára mu."